Kòsọ́kọ́: Orúkọ Àbíkú Tó Di Orúkọ Ìdílé

 

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni pé kí n mú orúkọ ìdílé kan tó ṣọ̀wọ́n, kí n sọ ibi tó ti ṣẹ̀, ohun tó túmọ̀ sí, àti bí àwọn tó ń jẹ́ ẹ ṣe pọ̀ tó. Wọ́n ní èyí tó bá wù mí ni kí n mú. Ẹni tó bá dúró ní Ẹ̀pẹ́ tó ní òun fẹ́ tú orúkọ, tó wá fo Kòsọ́kọ́ kọjá, ń sá fún ọ̀rọ̀ ni. Mo mọ̀ pé orúkọ náà kì í ṣe ohun tí à ń fi ẹnu lásán pè ní ìlú yìí. Tí wọ́n bá dá a ní apá Èkó Ẹ̀pẹ́, ọdún Káyókáyó ló ń sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn, ọdún tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn Iléyá láti fi rántí ọjọ́ tí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, àtàwọn èèyàn rẹ̀ gúnlẹ̀. Tí wọ́n bá dá a ní apá Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, àwọn kan lè máa wò mí pé kí ni mo tún fẹ́ sọ nípa àlejò ọjọ́sí. Ẹ fọkàn balẹ̀. Mi ò wá dá ẹjọ́ ilẹ̀, ilé ẹjọ́ wà fún ìyẹn. Orúkọ ni mo wá tú.

Kò sí ọkọ́ ni wọ́n pa pọ̀ tó di Kòsọ́kọ́. Ọkọ́ tí wọ́n ń wí ni ọkọ́ tí wọ́n fi ń gbẹ́ sàréè. Ìyá bí ọmọ, ọmọ kú. Ó tún bí òmíràn, ìyẹn náà lọ. Nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kẹta tàbí ẹlẹ́ẹ̀kẹrin dé, àwọn àgbà ilé yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní ẹni kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀, àbíkú ni. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, lójú gbogbo ẹbí, wọ́n sọ ọ́ sí i létí: bí o bá tún kú, kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ fún ọ mọ́. Jókòó.

Orúkọ àbíkú pọ̀ lédè wa, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò dọ́gba. Àwọn kan ń bẹ̀bẹ̀: Málọmọ́, Dúrósinmí, Dúrójayé, Bánjókòó, Rótìmí. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe rọ̀, bí ìyá tó ń fi àkàrà tan ọmọ tó ń sunkún. Àwọn kan ń fi ojúṣe han ọmọ náà: Tìjúikú, jẹ́ kí ojú máa tì ọ́ láti kú, Jẹ́kíńníyìn, jẹ́ kí èmi náà rí ìyìn láàárín ẹgbẹ́ mi. Ọ̀wọ́ kẹta ni Kòsọ́kọ́ wà, ọ̀wọ́ yìí kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Àkísàtán wà níbẹ̀: àkísà tí à bá fi dì ọ́ ti tán. Ìgbẹ́kọ̀yí wà níbẹ̀: igbó tí à bá gbé ọ sọ sí ní òun ò gbà ọ́. Kúkọ̀yí náà wà níbẹ̀: ikú fúnra rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ẹ tò wọ́n jọ kí ẹ wò wọ́n dáadáa. Ẹrù ìsìnkú ni wọ́n ń kà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń sọ pé kò sí: ọkọ́ kò sí, àkísà tán, igbó kọ̀. Àwọn òbí wọ̀nyẹn kò lè gbá ikú mú, wọ́n wá kó irinṣẹ́ rẹ̀ pamọ́. Lójú tèmi, nínú gbogbo orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ, títí kan àwọn tí wọ́n fi ọlá àti adé ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ọ̀wọ́ yìí ni ọgbọ́n inú rẹ̀ jìn jù.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé orúkọ oyè ni Kòsọ́kọ́. Wọ́n gbọ́ ọba, wọ́n gbọ́ ogun, wọ́n gbọ́ ọkọ̀ ìjà Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n rò pé orúkọ náà gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ alágbára. Orúkọ ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń bẹ̀rù kí ó má kú ni. Ẹ̀rí sì wà pé kì í ṣe Èkó nìkan ló ni ín. Àlùfáà Samuel Johnson, tó gbé ní Ìbàdàn tó sì ṣiṣẹ́ ìjọ ní Ọ̀yọ́, kó o mọ́ àwọn orúkọ àbíkú tó tò sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀. Ó parí iṣẹ́ náà ní 1897, ìwé àkọ́kọ́ sọnù, ó kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Dókítà Obadiah Johnson tún un kọ, 1921 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ohun tí ìtò orúkọ yẹn ń sọ fún wa ni pé ní ayé ìgbà náà, ọmọ Ọ̀yọ́ lè jẹ́ Kòsọ́kọ́, ọmọ àgbẹ̀ lè jẹ́ ẹ, láìní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ààfin Èkó.

Kí n tó kúrò lórí ìtumọ̀, ọ̀rọ̀ àmì ohùn ń bẹ. Kosoko ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ sínú ìwé wọn, láìsí àmì kankan. Àwọn oníṣòwò tó ń sọ èdè Potogí kọ ọ́ ní Cocioco. Láti ìgbà yẹn títí di orí káàdì ìdánimọ̀ òní, kò sí àmì. Ọmọ tí kò gbọ́ ìtàn yóò rí Kosoko, yóò sì fi ohùn tó bá wù ú pè é. Mo ti gbọ́ ẹni tó ní kò sí ọkọ ni, pé ìyá kan tí ọkọ rẹ̀ kú ló bí i. Mo ti gbọ́ ẹni tó ní kò sí ọkọ̀ ni, nítorí pé ojú omi ni Èkó àti Ẹ̀pẹ́. Èyí èkejì pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí bí ohun kan bá wà tí ọba yẹn kò ṣaláìní, ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ ló gbé e dé Ẹ̀pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ẹni náà fúnra rẹ̀, nítorí òun ló gba orúkọ yìí lọ́wọ́ àbíkú tó fi lé ìdílé lọ́wọ́.

Ọmọ Ọba Òṣìnlókun ti Èkó ni. Òun àti Ẹlẹ́tù Òdìbò, olóyè ńlá tó ní ọ̀rọ̀ sọ nínú ẹni tí yóò jọba, kò rẹ́ rárá. Nígbà tí adé bọ́ sórí Olúwọlé, Kòsọ́kọ́ gbé ìjà dìde, ìjà tí Èkó ń pè ní Ogun Ewé Kókò. Apá rẹ̀ kò ká a, ó sá kúrò nílùú. Ohun tí Ẹlẹ́tù Òdìbò ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí: ó ní kí wọ́n hú egungun ìyá Kòsọ́kọ́ jáde nínú sàréè, kí wọ́n dà á sínú ọ̀sà. Ọmọ tí wọ́n sọ pé kò sí ọkọ́ láti sin ín, àwọn ọ̀tá rẹ̀ rí ọkọ́ tí wọ́n fi hú ìyá rẹ̀. Ta ni yóò ṣe irú èyí sí i tí yóò gbàgbé? Akítóyè, tó jọba ní 1841, ló ranṣẹ́ pè é padà láti Whydah ní ilẹ̀ Dàhòmì, pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni àwọn. Ó fi í joyè Ọlọ́jà Èrékò. Ẹlẹ́tù Òdìbò kò dúró wò ó, ó gba Àgbádárìgì lọ. Nígbà tí yóò fi di July 1845, ìlú ti pín sí méjì, wọ́n jà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Akítóyè gba ojú omi sá lọ, Kòsọ́kọ́ sì gun orí ìtẹ́. Ẹlẹ́tù Òdìbò bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì pa á.

Kò yẹ ká fi ọ̀dà kun ìtàn. Òwò ẹrú wà lára ohun tó gbé ọba yìí dúró. Àwọn lẹ́tà tí Gẹ̀ẹ́sì kó nínú ilé rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lé e jáde fi hàn bí òun àti àwọn oníṣòwò Bàhíà ní Brazil ṣe ń ṣe é. Gẹ̀ẹ́sì ní torí òwò ẹrú yìí làwọn ṣe dá sí i, Akítóyè náà sì ṣèlérí fún wọn pé òun yóò fòpin sí i bí wọ́n bá dá òun padà. Bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń wá ojú ọ̀nà fún òwò epo pupa tiwọn. Ní November 1851, wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú, àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ lé wọn padà. Wọ́n tún padà wá ní December pẹ̀lú ọkọ̀ àti àgbá tó ju ti ìṣáájú lọ. Ọjọ́ 26 àti 27 oṣù náà ni Èkó jó. Ogun Àgídìngbì ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí wọ́n mú láti inú ìró àgbá. Kòsọ́kọ́ àtàwọn tirẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀, wọ́n forí lé ìlà-oòrùn lórí ọ̀sà, sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, sì gbà kí wọ́n tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́.

Ọdún mẹ́wàá ó lé díẹ̀ ló lò níbí. Ó ń ta epo láti ibí gba Lẹ́kí àti Palma bọ́ sókun. Ó gbé ogun lọ sí Èkó ní August 1853, kò rí i gbà. Ní ọjọ́ 28 oṣù September 1854, ó bá Benjamin Campbell, aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì, fọwọ́ sí àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ yìí, pé òun kò ní fi ogun wá Èkó mọ́, òun yóò sì jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà gbà pé Palma jẹ́ èbúté rẹ̀, wọ́n sì ṣèlérí owó ọdọọdún fún un. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ìwé tí wọ́n ń pè ní Àdéhùn Ẹ̀pẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó pátápátá lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú ní August 1861, wọ́n jẹ́ kó padà sílé ní 1862. Èrékò ló ń gbé, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1872, wọ́n sin ín sí Ìga Èrékò. Ọkọ́ sì wà níjọ́ náà.

Àwọn èèyàn tó bá a wá, ọ̀nà wọn pín. Òṣòdì Tápà, ọmọ Nupe tó di ọ̀gágun rẹ̀, kó àwọn tirẹ̀ padà sí Èkó, ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí ni wọ́n ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí dòní. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Lateef Jákàńdè, gómìnà Èkó nígbà kan, sí ní 1929. Ibẹ̀ ni M. K. O. Abíọ́lá dúró sí ní June 1994 tó ní òun ni ààrẹ. Orúkọ ìlú yín ló wà ní ẹnu gbogbo ayé lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò bá ti gba owó ìpolówó! Òṣòdì fúnra rẹ̀ kú ní 1868. Pósù, ìjòyè Kòsọ́kọ́ mìíràn, ní tirẹ̀ dúró sí Ẹ̀pẹ́, òun àtàwọn Gẹ̀ẹ́sì kò gbọ́ ara wọn yé, wọ́n sì wá yin ìbọn lu ìlú ní 1863. Òkè Pósù wà níbẹ̀ kí ẹ lọ wò ó.

Báyìí, báwo ni orúkọ ọmọ ọwọ́ ṣe di orúkọ ìdílé? Àwọn baba wa kò ní ohun tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé. Orúkọ àbísọ wà, oríkì wà, orílẹ̀ wà, agboolé wà. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ẹni tí o jẹ́, wọ́n á bi ọ́ pé ọmọ ilé ta ni ọ́. Kòsọ́kọ́ kò jẹ́ Kòsọ́kọ́ Òṣìnlókun rí láyé rẹ̀. Àwọn Sàró àti Àgùdà, àwọn tó padà dé láti Sierra Leone àti Brazil, ló kọ́kọ́ gbé orúkọ méjì-méjì wọ Èkó, lẹ́yìn náà ni ìwé ìrìbọmi, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-ìwé, ìwé owó oṣù ìjọba. Akọ̀wé bi ọmọ pé, orúkọ bàbá rẹ ńkọ́? Orúkọ ẹni tí ọmọ bá dá, tí akọ̀wé sì kọ, níbẹ̀ ló dúró. Bí ọmọ bá dá orúkọ bàbá, ti bàbá ni. Bí ó bá dá ti bàbá ńlá tí ìlú mọ̀, ti bàbá ńlá ni. Àwọn ọmọ Dòsùnmú di Dòsùnmú, àwọn ọmọ Òṣòdì di Òṣòdì, àwọn ọmọ Kòsọ́kọ́ sì di Kòsọ́kọ́, nítorí pé òun ni orúkọ rẹ̀ ń ró nígbà tí ìwé dé. Òṣìnlókun tó bí i, ọba ni òun náà, ṣùgbọ́n ó kú kí akọ̀wé tó dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ iye wà nìyí. Ètò ìkànìyàn wa kì í ka orúkọ, orí ló ń kà. Ìkànìyàn 2006 ka 181,409 èèyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀pẹ́, kò sì sọ iye Lawal tàbí iye Ànímáṣaun inú wọn. Ṣùgbọ́n ìdí tí orúkọ kan fi ń ṣọ̀wọ́n kò ṣòro láti rí bí a bá mọ ìtàn rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi Ànímáṣaun wé e. Ẹni tó ní tí kò sì ṣahun ni. Orúkọ àpọ́nlé ni, ẹnikẹ́ni tó bá lówó tó sì lawọ́ ni wọ́n lè fi kì. Nítorí náà, ó lè bẹ̀rẹ̀ ní ogún ilé tí kò bára wọn tan, ní Èkó, ní Ẹ̀pẹ́, ní Ìjẹ̀bú, kí ilé kọ̀ọ̀kan sì máa bí sí i. Òun ló fi wọ́pọ̀. Kòsọ́kọ́ ní tirẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ní ogún ilé bákan náà, bí a bá fi ojú orúkọ àbísọ wò ó. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹ́ kí ìwé ilé-ìwé máa fi orúkọ tó ń rántí òkú ọmọ pe ìdílé òun láti ìran dé ìran? Ilé tí kò ní ìdí pàtàkì láti tọ́jú orúkọ náà jẹ́ kó lọ. Ilé ọba Èkó ní ìdí. Ó wá jọ pé láti ojúsun kan ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jẹ́ Kòsọ́kọ́ lónìí ti ṣàn wá.

Àwọn ohun mìíràn tún dín in kù. Ọmọbìnrin ilé náà tó bá lọ sílé ọkọ, orúkọ ọkọ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ́. Àwọn ọmọkùnrin ilé náà kan mú orúkọ tiwọn fúnra wọn lé ọmọ lórí. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù náà kó ipa tirẹ̀, pàápàá ní Ẹ̀pẹ́ níbí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀ lé ọba náà ti jẹ́ Mùsùlùmí: ọmọ wọn lọ sí ilé kéwú, ọmọ ọmọ wọn lọ sí ilé-ìwé, Lawal àti Sanni àti Tìjání ni wọ́n kọ sílẹ̀ ní orúkọ bàbá.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí o: ìlú tó ń rántí Kòsọ́kọ́ lọ́dọọdún, tó ń jẹ tó ń yó nítorí rẹ̀, kì í ṣe ìlú tí ẹ ti máa rí orúkọ náà lọ títí lórí pátákó ẹnu ọ̀nà. Àwọn tó bá a dúró síbí, ìjòyè rẹ̀ ni wọ́n, ọmọ ogun rẹ̀, oníṣòwò, ẹrú. Ìran tiwọn ní orúkọ tiwọn. Ọba náà fi ọdún rẹ̀ sílẹ̀ fún Ẹ̀pẹ́, ó gbé orúkọ rẹ̀ padà sí Èrékò. Lónìí, bí ẹ bá lọ sí Òṣogbo tàbí Adó-Èkìtì tí ẹ dárúkọ Kòsọ́kọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn yóò sọ fún yín pé àwọn mọ̀ ọ́n: Jídé Kòsọ́kọ́ ni, òṣèré tí wọ́n bí ní 1954, ọmọ ilé náà. Tẹlifíṣọ̀n ti jẹ́ kí orúkọ tí kò pọ̀ dà bí ẹni pé ó pọ̀.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni ikú ọmọ fi orúkọ há lọ́wọ́. Àwọn ará Ìgbò ní Ọnwubiko, ikú jọ̀ọ́, ó sì ti di orúkọ ìdílé fún ọ̀pọ̀. Èyí tó wọ̀ mí lára jù jìnnà ju Ìgbò lọ. Ní òkè Caucasus, láàárín Òkun Dúdú àti òkun Caspian, àwọn ará Georgia ń fi ìparí orúkọ ìdílé mọ ibi tí èèyàn ti wá. Orúkọ tó bá parí sí -shvili, ìlà-oòrùn ni. -Dze, ìwọ̀-oòrùn ni. Ọmọ ni méjèèjì ń wí. Orúkọ tó ń jẹ́ Beridze ló pọ̀ jù lọ lọ́dọ̀ wọn, nígbà tí àwọn orúkọ kan wà tí abúlé kan ṣoṣo ti pèsè gbogbo àwọn tó ń jẹ́ ẹ. Àwọn ará Azerbaijan àti àwọn Túúkì tó ń gbé gúúsù Georgia nígbà kan rí ní orúkọ kan, Dursun. Ọmọ tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kú ni wọ́n ń sọ ọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ ni: kí ó dúró. Dúrójayé wa gan-an nìyẹn! Ìró dur àti dúró jọra, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìyèkan ni èdè méjèèjì, èṣì lásán ni. Nígbà tí ìjọba Rọ́ṣíà gba ilẹ̀ wọn, akọ̀wé Rọ́ṣíà fi -ov ti ẹ̀yìn orúkọ bàbá, ó di Dursunov, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ lórí ìwé. Ní November 1944, Stalin kó àwọn Túúkì gúúsù Georgia yìí sínú rélùwéè lọ sí Uzbekistan àti àwọn ilẹ̀ ìtòsí rẹ̀. Ìran wọn kan wà ní ìlú Dayton, ní Amẹ́ríkà, lónìí. Akọ̀wé ní tiwọn, akọ̀wé ní tiwa. Àwọn èèyàn tí ìjọba lé kúrò nílé ní tiwọn, àwọn èèyàn tí ogun lé kúrò nílé ní tiwa.

Ó ku ìbéèrè kan tí ọmọdé máa ń bi mí tí mo bá ti sọ èyí: kí ló dé tí a kò sọ ọmọ ní Kòsọ́kọ́ mọ́? Ìdáhùn mi ni pé ohun tó ń pa àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè ní àbíkú ti ní orúkọ mìíràn. Ibà ẹ̀fọn ló pa púpọ̀ nínú wọn. Ìgbóná pa àwọn mìíràn, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru pa àwọn mìíràn. Fòníkú-fọ̀ladìde wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí bàbá àti ìyá tí ara wọn le lè jọ bí fún ọmọ, tí ó sì lè mú ọmọ méjì tàbí mẹ́ta lọ nínú agbo kan náà. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló gbé AS, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò ṣàìsàn náà ṣùgbọ́n tó lè gbé e fún ọmọ. Ìyá tó sin ọmọ mẹ́ta nínú ilé kan, tí aládùúgbò rẹ̀ kò sin ẹyọ kan, ohun tó rí ló sọ. Ó rí i pé ikú náà mọ ilé òun. Kò ní ohun èlò àyẹ̀wò, orúkọ ló ní.

Ẹ má sì jẹ́ ká máa yọ̀ jù. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè ní Nàìjíríà, 132 ni kì í pé ọdún márùn-ún. Èyí tí wọ́n ṣe ní 2023 sí 2024 ní ó ti wá sí 110. Ó dín, ṣùgbọ́n ọmọ kan nínú mẹ́sàn-án ṣì ni. Ọkọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Orúkọ àbíkú ló lọ sílé, ìyẹn nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìgbéyàwó, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó pe ẹbí jọ.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún, ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, kò gba owó. Orúkọ tó ṣọ̀wọ́n bíi ti ọba yìí wà nínú agboolé yín tí ìwé kankan kò tíì gbà. Orúkọ tí wọ́n sọ bàbá ńlá yín kí ó tó di Alhaji, orúkọ tí ìyá ìyá yín ń jẹ́ kí ó tó di ìyàwó ilé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti dàgbà. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, kí oṣù yìí tó parí, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín jókòó ti àgbàlagbà kan nílé. Ẹ béèrè orúkọ, ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì orí rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi ọjọ́ sí i. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, ẹ dì í pọ̀, ẹ fi ẹ̀dà kan sí ilé-ìkàwé, ẹ fi ẹ̀dà kan sí ààfin Èkó Ẹ̀pẹ́, ẹ fi ẹ̀dà kan sí ààfin Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́. Èmi náà yóò san owó ìwé àti ìdìpọ̀ ti ọdún àkọ́kọ́.